Léfítíkù Ni Mo Há Sí

Ọjọ́ kìíní ọdún yìí ni mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé màá ka Bíbélì Yorùbá láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Mo tún lọ sọ fún màmá mi, kí n má baà rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí. Orí 1,189 ni. Tí èèyàn bá ń ka mẹ́ta lójúmọ́, tó ń fi méjì lé e lọ́jọ́ ìsinmi, á parí rẹ̀. Òní ni ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, Ìwé Àwọn Ọba Kejì ni mo wà. Màmá ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ibo ni mo kà á dé, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo yí ọ̀rọ̀ sí ìrẹsì ọdún.

Léfítíkù ló dá mi dúró. Jẹ́nẹ́sísì dùn bí àlọ́, Ẹ́kísódù náà ń gbéni lọ, àfìgbà tó di ẹbọ sísun, ọ̀rá inú ẹran àti ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ara èèyàn yé mi, ó tún di ẹ̀tẹ̀ ara ògiri, àní ẹ̀tẹ̀ ara aṣọ! Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn níbí, mi ò sì gbọ́ ọ rí pé ẹ̀tẹ̀ ń mú aṣọ. Oorun ni mo fi ka ibẹ̀ já.

Orí 19 ló jí mi. Ẹsẹ 13 ní owó ọ̀yà alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. "Sùn" yẹn ló mú mi. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé ká tètè máa sanwó òṣìṣẹ́ ni, ǹ bá ti ṣe àmín, kí n sì ṣí i kọjá. Ṣùgbọ́n owó tó ń sùn! Ó dà bíi pé ọmọ ọlọ́mọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, tí ìyá rẹ̀ ń wá a kiri àdúgbò. Owó ta ló ń sùn lọ́dọ̀ mi? Ti obìnrin tó ń bá mi ránṣọ ni: ₦27,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo ti di ìdá mẹ́wàá mi sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, mo sì jó dé iwájú pẹpẹ. Owó tirẹ̀ wà nínú ohun tí mo yọ ìdá mẹ́wàá lára rẹ̀.

Èèyàn á ní òfin àtijọ́ ni. Mo wá a lọ sínú Májẹ̀mú Tuntun, Jákọ́bù orí karùn-ún sì ní owó ọ̀yà tí wọn ò san ń ké, Olúwa sì ti gbọ́ igbe náà. Èyí tún burú ju ti Léfítíkù lọ. Tòhún kàn ń sùn ni.

Mo san án. Kì í ṣe lọ́jọ́ náà o, ọjọ́ kejì ni, nígbà tí mo rí owó yá nínú àjọ. Ó gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá wò mí lójú: "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ lé mi ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé kiri ní gbogbo oṣù Kejì.

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń san owó aṣọ tó bá rán lójúmọ́. Kò rọrùn, torí àwọn oníbàárà kì í ka Léfítíkù. Ó di dandan kí n máa gba ìdajì owó sílẹ̀ kí n tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ. Arábìnrin kan nínú ìjọ bínú, ó ní ṣé báyìí la ṣe ń ṣe nínú Olúwa. Ó gbé aṣọ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ní oṣù Kẹfà, iṣẹ́ dá, owó sì tún sùn lọ́dọ̀ mi ní òru mẹ́rin. Àmọ́ mo ti sọ fún un kó tó lọ sílé, kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìdákẹ́jẹ́ mi.

Irú òní ni Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther kú l'Ékòó, ní 1891. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n tà, tí wọ́n tún ń tà, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é ló fún wa ní Bíbélì yìí, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Nígbà tí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ alágbàṣe báyìí, ọmọkùnrin tí ẹlòmíràn ń gba owó orí rẹ̀ yẹn ni mo máa ń rí.

Orí 19 yẹn kò tíì tú mi sílẹ̀. Ó ní kí olóko má kárúgbìn dé igun oko, kó fi èéṣẹ́ sílẹ̀ fún tálákà. Nígbà tí mo rán ańkò ìkórè fún obìnrin méjìdínlógún, mo kó ìṣẹ́kù aṣọ wọn pamọ́. Mo ní tálákà tó ń pèéṣẹ́ ni mí. Ó tó ọjọ́ méjì tí mo fi jẹ́ Rúùtù, opó inú Bíbélì tó pèéṣẹ́ lóko Bóásì, kí n tó rántí pé Bóásì mọ̀ pé Rúùtù wà lóko òun. Mo dá a padà fún wọn, tìtìjútìtìjú.

Ẹsẹ 11 ni mi ò tíì borí: ẹ kò gbọdọ̀ purọ́ fún ara yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ mọ orin wa, "ó ku bọ́tìnnì." Mo kọ ọ́ títí di àná.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá, àìsùn ọdún yóò bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́wàá. Obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti gbowó rẹ̀, ó ti lọ múra. Léèsì funfun kan ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, ẹni tó ni ín ló sì ń pè yìí. Mo gbé fóònù.

"Ẹ kú alẹ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò tíì gé e."