Láti Abuja gun òkè Jos, láti wo ìdì gálásì

Oṣù kẹrin ló dára jù fún ìrìnàjò yìí. Àkọ́rọ̀ òjò ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú ọ̀run, òjò ńlá ò sì tíì dé. Ẹ yan òru tí kò sí òṣùpá. Ẹ tètè kọjá Nyanya kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba Keffi àti Akwanga, kí ẹ sì gun òkè Hawan Kibo lọ́sàn-án. Òtútù òru Jos kì í ṣe ti Abuja. Ẹ mú aṣọ tó nípọn.

Gálásì ni àkójọ ìràwọ̀ tó pọ̀ gan-an; ìdì gálásì sì ni ọ̀pọ̀ gálásì tí òòfà dì pọ̀. Ìdì gálásì Virgo wà láàárín ìràwọ̀ Denebola àti Vindemiatrix. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá alẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí àtàrí, ibẹ̀ gan-an ni awò Dobson (awò ìràwọ̀ tó jókòó sórí ìdí tó ń yí) ti máa ń ṣòro yí. Aago mẹ́sàn-án ni kí ẹ wò ó. Gálásì M84 àti M86 á hàn ní ìkùukùu funfun méjì, M87 ò sì jìnnà sí wọn. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ti rìn fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 54 ọdún.

Awò ò lè sọ bí ìdì náà ti wúwo tó. Ọ̀nà kan ni ti eré: bí àwọn gálásì bá ṣe ń sáré tó, bẹ́ẹ̀ ni òòfà tó dì wọ́n mú ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Onímọ̀ ìràwọ̀ Zwicky lò ó fún ìdì gálásì mìíràn, Coma, ní 1933, ó rí i pé ohun tó ń tàn níbẹ̀ kò tó láti dì wọ́n mú. Ewu ibẹ̀ ni gálásì tó kàn wà níwájú ìdì, tí a wá kà mọ́ ọn. Bí eré bá fi ìdá 10 nínú 100 pọ̀ jù, ìwúwo á fi ìdá 21 pọ̀ jù, torí a máa ń fi eré sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nínú ìṣirò náà (1.1 × 1.1 = 1.21).

Ọ̀nà kejì ni ti satẹ́láìtì X-ray, tó ń wo gáàsì inú ìdì, tó gbóná tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù digírì. A gbà pé ooru tó ń tì í síta àti òòfà tó ń fà á wọlé dọ́gba. Ṣùgbọ́n gáàsì náà tún ń ru, rírú yẹn náà ń tì í. Bí a kò bá kà á, ìwúwo á kéré jù.

Ọ̀nà kẹta la fọkàn tán jù: bí òòfà ìdì ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò kàn án bóyá ìdì náà ti rọlẹ̀ tàbí kò tíì rọlẹ̀. Àmọ́ Virgo sún mọ́ wa jù fún un, títẹ̀ náà kéré púpọ̀. Ìdì mìíràn, Abell 1689, ló bá a mu: apá ojú ọ̀run kan náà, ní àwùjọ ìràwọ̀ Virgo, ló wà, àmọ́ ó jìnnà ju bílíọ̀nù méjì ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ. Níbẹ̀, ìwúwo tí títẹ̀ ìmọ́lẹ̀ fi hàn ju ti X-ray lọ. Àlàyé tó tẹ́ wa lọ́rùn jù ni pé ìdì náà gùn, orí gígùn rẹ̀ ló sì kọ sí wa, tí ohun púpọ̀ fi tò sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo.