Ta Ló Bí Nọ́ńbà Yìí?

Ọmọkùnrin tí mo bá wí lórí fóònù lọ́jọ́ náà kò jẹ̀bi. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gun ọ̀kadà ká àwọn abúlé ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin àti Ìrẹ́pọ̀dùn. Ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi fóònù gba nọ́ńbà tó ń sọ ibi tó wà lórí ilẹ̀, ó ń kọ èyí tó ń mú omi wá àti èyí tó ti dákẹ́. Èmi, tí máàpù yíyà jẹ́ iṣẹ́ mi, jókòó sí Ìlọrin, ní Táńkẹ̀, níwájú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ohun tó ń fi ránṣẹ́ wé àtòkọ àtijọ́ kan tí ọ́fíìsì kan fún wa, ká lè mọ kànga tó ti wà tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí tuntun. Kò sí ọ̀kan tó bá a mu. Kànga kan náà, orúkọ abúlé kan náà, àmọ́ ibi tí àtòkọ gbé e sí jìnnà sí ibi tí ọmọ yìí gbé e sí ju 100 mítà lọ.

Àtòkọ yẹn ní òǹtẹ̀ lórí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ tónítóní. Òun ni mo gbà gbọ́. Mo pe ọmọ náà, mo ní abẹ́ igi ló jókòó sí tó ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àǹtí, mo dúró tì í báyìí o. Ẹ tẹ́tí sí i." Mo sì ń gbọ́ ọ lóòótọ́, irin ọwọ́ kànga náà ń ké, àwọn ọmọdé ń pariwo pé ó ti kan àwọn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti ń ya máàpù láti ayé ìgbà tí wọ́n ń fi kálàmù yà á sórí ìwé. Ó wọlé bá mi níbi tí mo ti ń bínú. Kò bi mí léèrè nípa ọmọ náà, àtòkọ ló wò. Ó ní, "Ta ló bí nọ́ńbà yìí?" Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó ní kí n fa ìlà láti orí kànga kọ̀ọ̀kan nínú àtòkọ lọ sórí èyí tí ọmọ náà rí. Nígbà tí mo fa ìlà mẹ́wàá tán, ara mi tutù. Gbogbo wọn gùn bákan náà, gbogbo wọn kọjú sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, bí àwọn tó tò sí sáàfù lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ẹni tó ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà lábẹ́ igi kò lè ṣẹ̀dá rẹ̀ kó tò bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe àṣìṣe nínú oko, àṣìṣe rẹ̀ á fọ́n káàkiri, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Tí gbogbo nǹkan bá jọ ṣí nípò lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà ni kí ẹ lọ wò.

Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí dáadáa fún ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ máàpù, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó mọ QGIS, sọ́fítíwíà tí a fi ń ya máàpù, jù mí lọ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dá wọn dúró. Ayé kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó yí róbótó. Ó fẹ̀ díẹ̀ láàárín. Kí awọnlẹ̀ tó lè ṣírò ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ mú ìrísí kan fún ayé, kó sì mú ibì kan tí òun á ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ní Nàìjíríà, ìlú Minna ni ìbẹ̀rẹ̀ náà wà, lórí pílà tí wọ́n ń pè ní L40, ìrísí ayé tí wọ́n sì lò ni Clarke 1880. Ọ̀pọ̀ ìwé survey tó wà nínú àpótí àwọn bàbá wa, orí Minna ni nọ́ńbà wọn dúró lé. Fóònù yín àti GPS ọwọ́ kò mọ Minna rárá, WGS84 ni wọ́n ń lò, ìyẹn ìrísí àti ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn tí gbogbo ayé ń lò. Àwọn méjèèjì lè jọ máa jẹ́ UTM Zone 31, ìyẹn ọ̀kan lára ìpín tí wọ́n pín ayé sí láti máa fi mítà ka ibi, tó gba láti dígírì 0 dé dígírì 6 ní ìlà-oòrùn, tí ilẹ̀ Ìlọrin àti Ìgbómìnà wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà wọn á jọra gan-an. Iye dígíìtì kan náà ni. Ìjọra yẹn ló tàn mí: orí Minna ni àtòkọ wà, orí WGS84 ni fóònù ọmọ náà wà. Ẹ tún lè pàdé West Belt, ìpín mìíràn tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, nínú àwọn ìwé mìíràn, tí ìlà àárín rẹ̀ wà ní dígírì 4 àti ìṣẹ́jú 30, ìlà tó gba ìlú Ìlọrin fúnra rẹ̀ kọjá.

Mo pe ọmọ náà padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i, ojú àwọn ará abúlé ló ti gbọ́ ọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé sọ́fítíwíà wo ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, màá ní QGIS, nítorí ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà tokunbo tó ní agbára díẹ̀ á sì gbé e. Àmọ́ kí ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ sí máàpù, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi fáìlì léèrè ìdílé rẹ̀. Shapefile, irú fáìlì máàpù tó wọ́pọ̀, kì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo. .shp, .shx àti .dbf gbọ́dọ̀ wà pọ̀ kó tó pé, .prj ló sì gbé ìwé ìbí rẹ̀ lọ́wọ́, òun ló ń sọ bóyá Minna ni tàbí WGS84. Bí ẹnì kan bá fi WhatsApp fi .shp nìkan ránṣẹ́ sí yín, ẹ dá a padà pẹ̀lú sùúrù. Bí .prj kò bá sí, ẹ má fi ojú inú yan ọ̀kan. Ẹ pe ẹni tó gba nọ́ńbà náà, ẹ bi í pé irinṣẹ́ wo ló lò, ọdún wo, orí kí ni nọ́ńbà náà dúró lé. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì kan tó máa tẹ̀ lé dátà náà lọ síbi gbogbo tó bá ń lọ.

Orúkọ ìlú pàápàá ní ìdílé. Ìdọ̀fíàn wà ní Ìfẹ́lódùn, lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Lọ́kọ́jà. Ìdòfin wà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, jìnnà réré sí i. Bí ẹ bá kọ méjèèjì láìsí àmì, lẹ́tà "a" kan ṣoṣo ló yà wọ́n, mo sì ti rí àtòkọ tí lẹ́tà yẹn já bọ́ nínú rẹ̀, tí ọ̀kadà àti owó epo fi ṣòfò. Àwọn abúlé kéékèèké tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibì kan wà lẹ́yìn Ìgbàjà tí mo bá lórí àtòkọ mẹ́ta pẹ̀lú orúkọ mẹ́ta: àwọn Fúlàní ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, àwọn Yorùbá tó ń dáko níbẹ̀ ní tiwọn, ẹni tó kọ ti ilé ìwòsàn sì kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Bí ẹ bá jókòó sí Ìlọrin, ẹ ó rò pé abúlé mẹ́ta ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára abúlé mẹ́ta ni wọ́n máa kó lọ síbi kan, wọn ó sì gbàgbé ibòmíràn. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń la òpó mẹ́ta sílẹ̀ fún orúkọ nínú tábìlì dátà: èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, èyí tí àwọn aládùúgbò ń pè é, èyí tó wà nínú ìwé ìjọba. Mi ò pa ọ̀kankan rẹ́.

Ẹ fi àmì ohùn sí i pẹ̀lú. Àwọn kan ní ó ń fa wàhálà nínú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni pé .dbf ti shapefile lè sọ ẹ, ọ, ṣ di àmì ìbéèrè bí ẹ kò bá yan UTF-8, ètò lẹ́tà tó mọ àmì wa, orúkọ òpó rẹ̀ kò sì gbà ju lẹ́tà 10 lọ. Ẹ lo GeoPackage, irú fáìlì máàpù mìíràn, wàhálà yẹn á tán. Ó dùn mí láti rí máàpù ilẹ̀ Yorùbá tí ọmọ Yorùbá yà, tí kò sí orúkọ kan níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ lè kà bó ṣe yẹ.

Àwòrán sátẹ́láìtì ńkọ́? Wọ́n ní kí n ya ibi tí omíyalé lè dé lẹ́bàá odò Àsà nínú ìlú Ìlọrin. Mo mú àwòrán gíga ilẹ̀ ti SRTM, tí ọkọ̀ gbalasa òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà ní oṣù kejì ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n àpótí kékeré kan nínú rẹ̀ jẹ́ 30 mítà lọ́nà gígùn àti lọ́nà ìbú, bíi pulọ́ọ̀tì méjì tí ìbú wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50, tí gígùn wọn jẹ́ 100. Ògiri, gọ́tà, ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ọdún náà, kò mọ ọ̀kankan. Máàpù mi lẹ́wà púpọ̀. Mo gbé e lọ sí Amilẹ́gbẹ́, mo fi han ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí afárá. Ó wò ó, ó dìde, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì gbé ọwọ́ lé ògiri, ó kọjá àyà rẹ̀. Ó ní, "Ibí ló dé." Ìlà omi náà ṣì wà lára ògiri. Nínú máàpù mi, omi kò kan ilé yẹn rárá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn láti ilé dé ilé lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú tépù ìwọnlẹ̀ àti QField, QGIS ti orí fóònù, mo ń wọn ìlà omi lára ògiri. Ìwọ̀n yẹn ló wá di iṣẹ́ tí mo ṣì ń fi yangàn títí dòní.

Bí ẹ bá wọ abúlé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí báálẹ̀. Nínú Ìlọrin, ẹ béèrè mọ́gàjí agboolé. Ẹ má ṣe yọ GPS síta kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ẹ wá ṣe, nítorí ẹni tó ń fi irinṣẹ́ wọn ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀, olè ilẹ̀ ni lójú wọn, wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹ bi àwọn obìnrin àgbà ní orúkọ odò. Ọkùnrin máa ń sọ orúkọ odò ńlá fún yín, àmọ́ obìnrin tó ti pọnmi láti kékeré mọ gbogbo ìṣàn tó wà láàárín.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títà wá kù. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í pè mí pé kí n bá òun ya ìwé survey ní owó pọ́ọ́kú, ṣebí mo ní GPS. Mi ò ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe é. Awọnlẹ̀ tí SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn awọnlẹ̀ ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí ìwé náà. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ ṣírò rẹ̀ wò: GPS ọwọ́ lè ṣìnà ní mítà mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹsẹ̀ bàtà 50 tó jẹ́ ìbú pulọ́ọ̀tì, nǹkan bíi mítà 15 ni. Mítà márùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta ìbú ilẹ̀ ẹni náà. Ibi tó yẹ kí ògiri wà, ẹ lè gbé e wọ inú yàrá aládùúgbò, ẹ sì mọ ohun tí ẹjọ́ ilẹ̀ ń sọ ìdílé dà. Bí ọkàn yín bá fà sí iṣẹ́ awọnlẹ̀ gan-an, ọ̀nà ìwé wà: Yunifásítì Ìlọrin ń kọ́ Surveying and Geoinformatics, ilé-ẹ̀kọ́ awọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ báyìí sì ti bẹ̀rẹ̀ láti 1908.

Èmi kò gba ibẹ̀. Jọ́gíráfì ni mo kà. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, mo ń ka ilé. Lóru tí iná bá wà, mo ń ya ojú ọ̀nà àti ilé sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi kún, ní Òmù-Àrán tí mo ti wá àti àwọn ìlú tó yí i ká, láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí mo yà lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn ni ẹni tó kọ́kọ́ gbà mí síṣẹ́ rí. Kò béèrè ìwé-ẹ̀rí kankan ju pé kí n ṣàlàyé ọ̀nà kan tí mo yà: báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ọkọ̀ lè gbà á nígbà òjò? Mo ní mo ti fẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tó yá ni mo kọ́ PostGIS, tí a fi ń tọ́jú dátà máàpù tó pọ̀, àti Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì sì fi kún owó mi, kò sí àní-àní. Nípa owó náà, ẹ ya ọjọ́ oko sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ kọ̀ǹpútà nínú àdéhùn yín, kí ẹ sì gba owó ọkọ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi owó ara mi wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, owó náà kò sì padà wá.

Ọmọkùnrin yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀fà ló wà báyìí, ó ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo fi dátà ojú ọ̀nà oko kan ránṣẹ́ sí i, mo ń kánjú, iná ti fẹ́ lọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi pè mí. Ó kí mi, ó béèrè ilé, ó wá ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí, Minna ni àbí WGS84?"

Mo ní kó dúró. Mo padà lọ ṣí fáìlì náà kí n tó dá a lóhùn.