Ogbó Ni, Kì í Ṣe Àìsàn

"Ogbó ni, kì í ṣe àìsàn." Ọ̀rọ̀ Ìyálóde, ológbò mi tó ti dàgbà, ni. Èmi kọ́ ni Dókítà ẹranko wa ń bá sọ̀rọ̀ o. Ọmọ iṣẹ́ wọn tó ń nu tábìlì ni wọ́n sọ ọ́ fún, etí mi ló gbà á. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tú u tí mo ń dì í. Kò bí mi nínú. Tàbí ó bí mi nínú díẹ̀, mi ò tíì mọ̀.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án, ọ̀nà Ọláìyá níhìn-ín ní Òṣogbo dí pa, iná dé lálẹ́. Ìyẹn ni ti òní.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé òótọ́ ni. Ogbó kì í ṣe àìsàn. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló gbé ẹran ara Ìyálóde lọ? Kílò 4.2 ló wọ̀n lọ́dún tó kọjá, 3.6 ló kù báyìí. Ìdá kan nínú méje ti lọ lára rẹ̀. Bí ẹni tó wọn kílò 70 bá bọ́ sí 60 láìgbààwẹ̀, ta ni yóò sọ pé ogbó ni? Irun ló ń bo ojú ọ̀rọ̀ fún ológbò. Ẹni tí kò bá fi ọwọ́ tọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ láti èjìká dé ìdí, kò lè mọ̀.

Ológbò tó ń jẹun gan-an tó tún ń rù, tó ń ké lóru, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, thyroid, ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn, ni kí wọ́n wò, T4 sì ni orúkọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyálóde ò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni tirẹ̀. Ó ń mu, ó ń tọ̀, oúnjẹ ló ń gbóòórùn tó ń yí ojú kúrò. Kíndìnrín lọkàn mi ń lọ sí, kíndìnrín sì mọ bí a ṣe ń fara pamọ́: ó máa ń tó ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ tó bá ti bà jẹ́ kí ìtọ̀ tó dà bí omi lásán, creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò, sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gòkè. Tí ológbò bá ti rù, creatinine yẹn tún lè dà bíi pé kò sí nǹkan, torí láti inú iṣan ló ti ń wá, iṣan sì ti dínkù. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ò tó. Kí wọ́n gba ìtọ̀, kí wọ́n fi refractometer, irinṣẹ́ tó ń wọn bí ìtọ̀ ṣe ki tó, wò ó. Ìtọ̀ ológbò tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń ki ju 1.035 lọ.

Wọn ò béèrè ìtọ̀.

Àmọ́ ọwọ́ Dókítà yìí dára, Ọlọ́run ló mọ̀. Wọn kì í gbá ológbò mú ní ọrùn. Wọ́n á ṣí ọmọrí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi tówẹ̀lì bò ó, inú ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ló fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ pé parasítámọ́ọ̀lù kankan ò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, nítorí hóró kan péré lè pa ológbò, àti pé oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin ò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀. Irú dókítà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fi sílẹ̀? Gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ láti kékeré wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan kì í ka nǹkan bákan náà pẹ̀lú òmíràn. Bí a bá lọ sí ibòmíràn, a ò ní lè fi nọ́ńbà tuntun wé ti àtẹ̀yìnwá tààrà.

Ogbó ni... Ó ṣeé ṣe kí ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Ajá àti adìyẹ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ sí ibi tuntun tí àwọn ń gbé ajá wọn lọ. Kí n tó gbé e dé ibẹ̀, mo máa béèrè ìwé àṣẹ Veterinary Council of Nigeria. Mo máa béèrè fíríjì àjẹsára pẹ̀lú, bóyá ó ń dúró láàárín dígírì 2 sí 8 tí NEPA bá mú iná lọ. Mo máa béèrè bóyá wọ́n ní bẹ́líìtì kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ológbò ní ọwọ́ iwájú tàbí ìrù. Tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ bá ń kọjá 160, ojú wà nínú ewu. Ológbò lè sùn kó jí ní afọ́jú. Kí wọ́n sì jẹ́ kó fara balẹ̀ ná, torí ẹ̀rù máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀ sókè. Ṣúgà tó ga lẹ́ẹ̀kan níbi tí ajá ti ń gbó kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Kí wọ́n wo fructosamine, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fa ínsúlínì jáde.

Tàbí kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tààrà. Gbọ̀ngán, Ìkirè, nínú ooru, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀... Rárá. Bóyá ṣá.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi. Mílílítà 500 ni mo ń bù sí abọ́ láàárọ̀, mo sì ń wọn ohun tó kù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Abọ́ kejì tó gba iye kan náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí kò lè dé, kí n lè yọ èyí tí afẹ́fẹ́ gbẹ kúrò. Mílílítà 50 fún kílò kan lóòjọ́ ṣì dára. Tó bá kọjá 100, ìyẹn 360 fún òun, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn.

Gbígba ìtọ̀ náà ò le. Mo máa kó iyanrìn rẹ̀ dà nù, mo máa fọ abọ́ náà mọ́, mo máa gé nylon wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, nítorí nylon kì í fa omi. Tó bá ti tọ̀, mo máa fi sírínjì mílílítà 5 fà á sínú ìgò tó mọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wọn. Tó bá máa pẹ́, fíríjì ni.

Ọ̀dọ̀ Dókítà wa náà ni mo máa kọ́kọ́ gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo máa ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo bó ṣe ki tó, kí ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀." Bí wọ́n bá gbà á, a ò kúrò. Bí wọ́n bá tún ní ogbó ni, mo máa ní kí wọ́n ya ẹ̀dà káàdì rẹ̀ fún mi, gbogbo ìwọ̀n, gbogbo oògùn pẹ̀lú iye rẹ̀, mo sì máa gbé e lọ sí Ìbàdàn.