Ìnṣì mẹ́ta lábẹ́ aṣọ

Télọ̀ ni mí ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn. Bí ìwọlé ilé ìwé bá ti ń sún mọ́lé, yúnífọ́ọ̀mù ló máa ń kún orí máṣíìnì mi. Ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí. Màmá mi jẹ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yẹn ò ránṣọ, kò sì ra bàtà.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà'ba mú ọmọ ẹ̀ obìnrin wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an kó tóbi dáadáa.” Ó yé mi: ó fẹ́ kí ó wọ̀ ọ́ dé kíláàsì kẹta ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lọmọ ọ̀hún ti wà nídìí àtẹ, torí wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì pé aṣọ ẹ̀ ti ya. Inú bí mi. Ṣé aṣọ ló ń kàwé ni?

Mo ká ìnṣì mẹ́ta sínú nísàlẹ̀. Bó bá ga sí i, màá tú u. Mi ò gbowó iṣẹ́. (Ọkọ mi ní mo fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù di sàárà, ẹnu ẹ̀ nìyẹn.)

Lánàá ló wá wọ̀ ọ́ wò. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ẹ̀gbẹ́, ó pariwo: “Màámi, ó lápò méjì!”