Àbẹ́là Ojú Fèrèsé àti Ẹyẹ Tí Ó Fi Ẹ̀tàn Jọba

Ní alẹ́ tí ilẹ̀ Kérésìmesì yóò mọ́ ní ọdún tó kọjá, èmi àti ìyá wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ń gé àlùbọ́sà ọbẹ̀ ọdún, nígbà tí àbúrò mi obìnrin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Cork ní Írẹ́lándì, pè wá lórí WhatsApp. Ó yí fóònù rẹ̀ sí ilé aládùúgbò rẹ̀ kí a lè rí i: àbẹ́là funfun ńlá kan ń jó lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, wọ́n sì fi ewé tútù yí ìdí rẹ̀ ká. Ìyá wa bi í léèrè bóyá wọ́n ti mú iná lọ lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ó ní, “Rárá o, Màámi, àlejò ni wọ́n ń tanná dè.”

Àwọn àlejò náà ni Màríà àti Jósẹ́fù, tí wọn kò rí àyè nínú ilé èrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ọmọ tí ó kéré jù nínú ilé ni ó sábà máa ń tan àbẹ́là ọ̀hún. Onítẹ̀bọmi ni àwa nílé wa, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, a kì í sì í tan àbẹ́là ọdún, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ wọ̀ mí lára gan-an. Lábẹ́ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n fi òfin líle de ẹ̀sìn Kátólíìkì, tí òfin ọdún 1697 sì lé àwọn bíṣọ́ọ̀bù kúrò nílùú, àwọn àgbà wọn ní àbẹ́là yìí ni àlùfáà tí ń fi òru rìn fi ń mọ ilé tí ó ti lè wọlé ṣe Máàsì láìséwu. Bí aláṣẹ bá béèrè ìdí iná náà, wọn a ní Màríà àti Jósẹ́fù ni àwọn ń retí.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ, tí wọ́n ń pè ní Lá an Dreoilín ní èdè wọn, ìyẹn Ọjọ́ Wren, ọ̀rọ̀ wá kan ẹyẹ wren, ẹyẹ pínńkín tí kò wọ̀n ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ. Wọ́n ní àwọn ẹyẹ pinnu pé ẹni tí ó bá fò ga jù ni yóò jọba. Idì fò kọjá gbogbo wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, wren tí ó ti fara pamọ́ sínú ìyẹ́ rẹ̀ bọ́ síta, ó fò díẹ̀ lé e, ó sì gba oyè. Ọba yìí gan-an ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń lé nínú igbó láyé àtijọ́ títí wọn yóò fi pa á. Wọn a so ó mọ́ orí ọ̀pá tí wọ́n fi ewé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a sì máa kọrin láti ilé dé ilé, wọn a máa tọrọ owó tí wọn yóò fi sin ín. Àwọn kan ní òun ni ó tú Stéfánù Mímọ́ fó níbi tí ó sá pamọ́ sí. Àwọn mìíràn ní ó ń ṣa èérún oúnjẹ jẹ lórí ìlù, ìró ìlù náà sì jí àwọn ọmọ ogun Viking, àwọn akónilẹ́rù láti àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́, ní òru tí àwọn ará Írẹ́lándì fẹ́ ká wọn mọ́.

Bí mo ti ń gbọ́ èyí, Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀, kábíyèsí náà yóò sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Èmi gbà pé ìtàn ìdalẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n tó bá àṣà náà, nítorí kì í rọrùn fún ènìyàn láti máa pa ohun tí ó ń pè ní ọba lọ́dọọdún láìwá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Wọn kì í pa ẹyẹ mọ́ nísinsìnyí; àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ní ìlú Dingle, àwọn ọkùnrin ṣì ń wọ aṣọ koríko gbígbẹ tí ó bo ojú àti ara, wọ́n sì ń lu bodhrán, ìlù pẹlẹbẹ tí a fi awọ ewúrẹ́ ṣe bíi dùndún tiwa. Fídíò tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ jọ ìgbà tí egúngún bá jáde, ṣùgbọ́n n kò ní fi méjèèjì wé ara wọn: ará ọ̀run ni egúngún, ará Dingle sì ni ẹni tó wà lábẹ́ koríko.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ó tún pè. Ọdún àwọn obìnrin ni ọjọ́ náà, pàápàá ní ìhà Cork àti Kerry: obìnrin yóò jáde lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fàájì, ọkùnrin yóò sì dáná. Iná kò sí lálẹ́ náà, àtùpà ni èmi àti ìyá wa fi ń ṣa ẹ̀wà. Àbúrò mi wá sọ fún wa pé nígbà tí Mary Robinson di Ààrẹ Írẹ́lándì ní ọdún 1990, ó tan iná kan sí ojú fèrèsé ààfin rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn tó wà lẹ́yìn odi, kí wọ́n lè mọ̀ pé a kò gbàgbé wọn.

Ìyá wa kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn dìde, wọ́n gbé àtùpà kúrò lórí tábìlì, wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé tó kọjú sí títì, wọ́n sì padà wá jókòó, a sì ń fi ọwọ́ tọ́ òkúta inú ẹ̀wà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.