Ohun tí iyùn òkun kọ́ mi nípa sùúrù

Ẹni tó bá fẹ́ sin iyùn òkun (coral), ẹ̀dá alààyè inú òkun, nínú táǹkì ilé, kó má sáré tẹ̀lé nọ́ńbà. Iyùn á gbé nínú omi tí alkalinity rẹ̀ (ìwọ̀n èròjà tí kì í jẹ́ kí omi kan, tí a ń fi dKH wọ̀n) jẹ́ 8 dKH, á sì gbé nínú ti 9. Ohun tí kì í fara dà ni kó jẹ́ 8 lónìí, kó di 10 lọ́la. Inú omi ló ti ń fa alkalinity àti kálísíọ́mù tó fi ń kọ́ egungun ara rẹ̀, bó sì ṣe ń dàgbà ni ohun tó ń fà ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọn alkalinity ju ohunkóhun mìíràn lọ. Tó bá wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbé e padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iyọ̀. Omi nìkan ló ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tí kò níyọ̀, èyí tí a fi ẹ̀rọ RO/DI (ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ àti ìdọ̀tí kúrò nínú omi) sẹ́, ni ẹ máa fi dí ohun tó gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n iyọ̀ omi náà (specific gravity) dúró sí 1.025 tàbí 1.026.

Iyùn tuntun, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e sí. Àwọn ohun tíntín kan ń gbé nínú ẹran ara rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un. Bí iná táǹkì bá le jù lójijì, iyùn á lé wọn jáde, á sì funfun. Tó bá funfun, kò tíì kú o! Ebi ló fẹ́ máa pa á. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ iná líle, kẹ́ ẹ má sì yọ ọ́ lẹ́nu.

Èyí tí mi ò fi ṣeré rárá ni zoanthid, ẹ̀dá kan tó jọ iyùn. Ó rẹwà, ó rọrùn láti sìn, àmọ́ májèlé palytoxin wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ààbò kẹ́ ẹ tó gé e. Òkúta tí zoanthid bá wà lórí rẹ̀, ẹ má sè é, ẹ má da omi gbígbóná sí i, torí ooru tó bá ń rú jáde lè gbé májèlé náà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró gbogbo ará ilé, títí kan ajá.

Bí ẹja bá ń ṣàìsàn, inú táǹkì mìíràn ni kẹ́ ẹ ti tọ́jú rẹ̀. Oògùn tó ní bàbà nínú ń pa iyùn, òkúta inú táǹkì sì máa ń fa bàbà náà mu.