Pápá Bọ́ọ̀lù Tó Di Oko Ẹ̀fọ́ ní Dallas

Níléèwé girama tí mo lọ ní Òkè-Ògùn, ẹni tó bá pẹ́ dé ló ń lọ sóko. Ẹni tó pariwo ní kíláàsì, ẹni tó sọ Yorùbá níbi tí wọ́n ti ní ká má sọ ọ́, àdá àti ọkọ́ ni wọ́n ń kó lé gbogbo wọn lọ́wọ́. Ebè mẹ́wàá, ebè ogún, bí ẹ̀ṣẹ̀ oníkálukú bá ṣe tó. Kò sí olùkọ́ kankan tó bá wa débẹ̀ rí kó sọ ìdí tí ilẹ̀ apá kan fi dúdú tí apá kejì fi pupa. Bàámi, tí wọ́n ń fi owó isu rán mi níléèwé, a máa sọ fún mi lálaalẹ́ pé, "Kàwé o, kí o má baà ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí." Mo kàwé. Mo di nọ́ọ̀sì. Mo dé Dallas.

Ẹ wá wo bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró létí oko Paul Quinn College, ní gúúsù ìlú yìí, tí mo rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń roko láàárín òpó góòlù.

Òpó góòlù ni mo wí. Pápá bọ́ọ̀lù ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbá mọ́yà sá. Iléèwé àwọn aláwọ̀ dúdú ni Paul Quinn. Àwọn oníwàásù ìjọ African Methodist Episcopal ló dá a sílẹ̀ ní Austin ní 1872, ọdún méje péré lẹ́yìn tí òmìnira dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú Texas, kí wọ́n lè kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ àti iṣẹ́ káfíńtà. Ó gba Waco kọjá kó tó dé Dallas ní 1990. Nígbà tí Michael Sorrell di ààrẹ rẹ̀ ní 2007, iléèwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé. Ó fòpin sí bọ́ọ̀lù, torí owó tó ń ná wọn pọ̀. Pápá wá ṣófo.

Àdúgbò Highland Hills tó yí iléèwé náà ká kò ní ilé ìtajà oúnjẹ tó ṣeé fojú rí. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù ilé epo ló kù fún un: búrẹ́dì, mínírà, ìpápánu inú ọ̀rá. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo mọ ibi tí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń gbé èèyàn lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí àrùn ìtọ̀ ṣúgà, tí mò ń rí ẹ̀jẹ̀ ríru. Sorrell wá ẹni tó máa kọ́ ilé ìtajà sórí ilẹ̀ iléèwé náà gan-an, kò rí. Ní 2010, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ PepsiCo, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mínírà Pepsi, wọ́n sọ pápá di oko. We Over Me Farm ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé tiwa ṣáájú tèmi. Wọ́n ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá irè oko náà tọrẹ, wọ́n ń ta ìyókù, kódà pápá ìṣeré ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dallas Cowboys wà lára àwọn tó ti rà á. Oko kan kò lè bọ́ gbogbo àdúgbò, n kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn.

Ilẹ̀ Dallas le. Amọ̀ dúdú ni. Tójò bá rọ̀, á wú, á lẹ̀ mọ́ bàtà bí iyán. Tóòrùn July bá dé, á sán débi pé ọwọ́ èèyàn á wọ inú rẹ̀. Irú ilẹ̀ yẹn, ńṣe ni wọ́n ń bọ́ ọ. Wọ́n á kó ewé gbígbẹ àti pòròpórò jọ pẹ̀lú ewé tútù àti èèpo oúnjẹ, wọ́n á máa yí i padà kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Mo ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, mo sì yára fà á yọ: ó gbóná ju ara ẹni tí ibà ń ṣe lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ ló ń mú un gbóná, bó bá sì tó 55°C, ooru náà á pa èso koríko inú rẹ̀. Ààtàn rèé! Ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí tẹ̀tẹ̀ ti ń hù láìgbìn.

Ọmọkùnrin kan fa igi ẹ̀wà kan tu, ó ní, "Ẹ wò ó, mà." Kókó róbótó-róbótó kún ara gbòǹgbò rẹ̀. Ó fi èékánná la ọ̀kan, inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó ní bó bá ti pupa báyẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe, ó ń gba náítírójìn, oúnjẹ ewéko, látinú afẹ́fẹ́ fún ilẹ̀. Ẹ̀wà yìí bá àwọn baba ńlá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ẹrú kọjá òkun, òun náà mọ̀, ìyá rẹ̀ àgbà ń sè é lọ́dọọdún. Àmọ́ Bàámi ni mo ń rò. Ibi tí àgbàdo bá ti jẹ ilẹ̀ tán, ẹ̀wà ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. "Ẹ̀wà ń tún ilẹ̀ ṣe," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, èmi ò sì bi wọ́n rí pé báwo. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n sá fún nìyí, tí ọmọ yìí ń gba máàkì lórí rẹ̀. Láti 2017, ìjọba ti ka Paul Quinn mọ́ àwọn iléèwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ kí owó tí wọ́n ń san lè dín. Oko wà lára iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ kó tó débẹ̀.

Mo ra ilá àti ẹ̀fọ́ collard, èyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń se ẹ̀fọ́ rírò níhìn-ín, mo sì ya fọ́tò fún Bàámi. Wọ́n pè mí lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Àwọn òpó gíga yẹn ńkọ́? Ṣé isu ni wọ́n fẹ́ kó gùn ún?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà, mo sọ ti pupa inú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Bá mi bi ọmọ yẹn," wọ́n ní, "ṣé lẹ́yìn àgbàdo ni wọ́n ń gbin ẹ̀wà ọ̀hún ni, àbí láàárín àgbàdo?"